Onírọ́ọ̀kì ló wà lẹ́yìn Ace: ìtàn Laolu Akins àti ẹgbẹ́ BLO

Tí wọ́n bá ń ṣe òkú àgbà ní Ekinrin-Adde, àsìkò kan máa ń wà lóru, lẹ́yìn tí wọ́n ti palẹ̀ abọ́ iyán mọ́, tí àwọn ọmọdé ti ń sùn lórí àga oníke, tí díjéè máa ń pa orin àwọn ọmọ ìwòyí tì. Kì í kéde nǹkan kan. Ìlù kan ni ẹ ó kàn gbọ́, tó ń sáré bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀ láti oko, gìtá á wọlé tẹ̀lé e, àwọn ìyá tí wọ́n ti ń ráhùn orúnkún láti àárọ̀ á sì dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà wọ́n lọ́wọ́. Ace ti Shina Peters nìyẹn. 1989 ni àwo náà jáde. Kò sí ẹnì kan nínú àwa tí a jọ wà ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá báyìí tí wọ́n ti bí nígbà náà, síbẹ̀ gbogbo wa la mọ ibi tí ìlù yẹn ti máa ń yí padà.

Níbi irú òkú bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kejìlá tó kọjá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Dádì Èkó nítorí iye ọdún tí wọ́n lò níbẹ̀, tẹ̀ sún mọ́ etí mi, wọ́n ní, "Ṣé o mọ̀ pé onírọ́ọ̀kì ló ṣe àwo yìí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Dádì, Shina Peters kì í ṣe onírọ́ọ̀kì. Jùjú ni wọ́n ń kọ."

Wọ́n ní àwọn ò sọ̀rọ̀ ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó ṣe é làwọn ń sọ. Lọ́jọ́ kejì wọ́n fa àpótí kan jáde lábẹ́ ibùsùn wọn. Àwo ló kún inú rẹ̀: Obey, Sunny Ade, Fela, Jim Reeves tí kì í wọ́n nílé onígbàgbọ́ kankan nílẹ̀ Òkun. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti fa ọ̀kan yọ tí eku ti jẹ etí paálí rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta ni orúkọ ẹgbẹ́ tó kọ ọ́: BLO.

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ ìtàn yìí fún yín. Ọdún tó kọjá, nígbà tí a ń to oríṣiríṣi orin Yorùbá lẹ́sẹẹsẹ ní kíláàsì, sákárà, àpàlà, wákà, jùjú, fújì, ẹnì kan béèrè bóyá a lè fi rọ́ọ̀kì kún un. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má purọ́. Ohun tí a gbà ni pé orin òyìnbó ni, àwọn ọmọ Èkó kan fi ṣeré fún ọdún díẹ̀, ó sì kú. Mo ti wá rí i báyìí pé kò kú. Ó fi orí ìtàgé sílẹ̀ ni, ó bọ́ sínú sítúdíò, ọ̀kan lára àwọn tó gbé e wọ ibẹ̀ sì ni onílù BLO, Laolu Akintobi, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Laolu Akins.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo Èkó tó bí wọn. Títí dé àárín àwọn ọdún 1960, hailáìfù ló ni òru ìlú náà: Bobby Benson, Victor Olaiya, Roy Chicago, pẹ̀lú fèrè ńláńlá àti aṣọ kóòtù. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ọ̀pọ̀ olórin tó jẹ́ ọmọ Ìlà-Oòrùn sì padà sílé. Àlàfo ṣí sílẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ni wọ́n bọ́ sínú àlàfo yẹn. Wọn kò ní owó fèrè mẹ́jọ. Gìtá méjì, báàsì àti ìlù kan ti tó wọn. Wọ́n ń fara wé àwọn Beatles. Nígbà tó yá, orin sóòlù ti Amẹ́ríkà dé, Geraldo Pino ti Sierra Leone gbé ẹ̀rọ amóhùndún tó ń mi ilẹ̀ wọ Èkó, James Brown fúnra rẹ̀ sì wá sí Nàìjíríà ní 1970. Ẹni tó bá lè jó bíi James Brown, kò ní sùn lébi.

Lára àwọn ẹgbẹ́ ìgbà náà ni Clusters wà. Níbẹ̀ ni Laolu ti ń lu ìlù, tí Berkley Jones ń ta gìtá. Ẹni tó ń kọrin pẹ̀lú wọn ni Joni Haastrup, ọmọ ìdílé ọba Iléṣà, tí ohùn rẹ̀ ti wà nínú àwo Super Afro Soul tí Orlando Julius ṣe ní 1966. Òun ni wọ́n ń pè ní James Brown ilẹ̀ wa. Ẹ mú orúkọ rẹ̀ dání, a ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ibi yìí ni òyìnbó kan ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ginger Baker ni onílù ẹgbẹ́ Cream, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni-mẹ́ta tó fọ́ orin rọ́ọ̀kì Gẹ̀ẹ́sì tú láàárín 1966 sí 1968. Ní 1971 ó wa ọkọ̀ Range Rover gba aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí Nàìjíríà. Tony Palmer tẹ̀lé e pẹ̀lú kámẹ́rà, fíìmù ìrìn-àjò náà sì wà títí dòní. Ìlù ló ń wá. Ó bá Fela ṣeré, ó kọ́ sítúdíò sí Ìkẹjà, ó sì kó àwọn ọmọ Nàìjíríà jọ sínú ẹgbẹ́ kan tó pè ní Salt. Laolu àti Berkley wà níbẹ̀. Àwọn ìbejì Lijadu, Taiwo àti Kehinde, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì kọrin pẹ̀lú Salt ní Munich ní 1972, nígbà eré Òlíḿpíìkì.

Mo fẹ́ kí ẹ ro ohun kan wò níbi yìí. Laolu jẹ́ onílù. Ẹni tó pè é wá sínú ẹgbẹ́ náà onílù ni, onílù tí gbogbo ayé ń pariwo orúkọ rẹ̀. Tí ẹ bá ti dé ibi tí àwọn àyàn méjì ti pàdé rí, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ di ìyáàlù mú, ẹnì kejì á máa gbè é. Ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn òyìnbó kọ lórí àsìkò yìí máa ń sọ ọ́ bíi pé Baker ló kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí ní rọ́ọ̀kì. Irọ́ ni. Clusters ti wà kó tó wa ọkọ̀ kúrò nílé. Ohun tí ó lè fún wọn ni ẹ̀rọ tó dára, orúkọ tó ń ṣílẹ̀kùn, àti ojú ọ̀nà sí òkè òkun. Ohun tí wọ́n fún un, òun ló gba aṣálẹ̀ kọjá nítorí rẹ̀.

Ní 1972 kan náà ni Berkley àti Laolu fi Baker sílẹ̀ tí wọ́n sì mú Mike Odumosu mọ́ra láti máa ta báàsì. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ wọn ni wọ́n tò pọ̀: Berkley, Laolu, Odumosu. BLO. Mẹ́ta péré. Fún ẹni tó mọ ẹgbẹ́ jùjú ìgbà náà, tí èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè wà lórí ìtàgé láì ka àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ, mẹ́ta yìí dà bíi pé àwọn yòókù pẹ́ dé ni.

Ní 1973, ilé-iṣẹ́ EMI gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde, Chapter One. Ọdún yẹn náà ni náírà dé, ọdún yẹn náà ni Paul McCartney wá sí sítúdíò EMI ní Àpápá láti ṣe Band on the Run, tí àwọn olè da òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ́nà lóru, tí Fela sì fẹ̀sùn kàn án pé orin Áfíríkà ló wá jí. Gbogbo ìwé ló ń ròyìn ìyẹn. Díẹ̀ ló ń sọ pé ní ọdún tí McCartney wá jókòó sí Àpápá, EMI kan náà ti ní ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tirẹ̀ nílé, tí kò wá láti Liverpool.

Báwo ni àwo náà ṣe dún? Gìtá Berkley ń ké bí irin tí wọ́n ń lọ̀, ó máa ń fà gùn títí ẹ ó fi rò pé nǹkan ti bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ. Báàsì kì í kánjú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìlù. Nínú ọ̀wọ́ dùndún, àwa tí a ti ka ẹ̀kọ́ ìlù mọ̀ pé iṣẹ́ pín: gúdúgúdú ní tirẹ̀, kẹríkẹrì ní tirẹ̀, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Ìlù òyìnbó tí onílù ń jókòó lù, ẹnì kan ló ni gbogbo rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń tẹ ìlù ńlá, ẹsẹ̀ òsì ń pa páànù méjì dé ara wọn, ọwọ́ kan lórí awọ, ọwọ́ kejì lórí páànù. Ọ̀wọ́ ìlù odindi lára ẹnì kan ṣoṣo. Ohun tí mo gbọ́ lọ́wọ́ Laolu nínú Chapter One ni pé kò jẹ́ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ ohun kan náà. Wọ́n ń dá ara wọn lóhùn. Ẹsẹ̀ á béèrè, ọwọ́ á fèsì, nígbà míì ẹsẹ̀ ò ní dúró gba èsì. Kò lu dùndún, n kò ní kí ẹnikẹ́ni sọ pé ó lu dùndún. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó gbọ́ dùndún dàgbà ló wà lórí ìlù yẹn, bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn.

Àléébù wọn tó dùn mí jù nìyí: Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ orin inú àwo náà. Mo ti ronú lórí ìdí rẹ̀, mo sì rò pé ó ju ọ̀rọ̀ àṣejù ọmọ Èkó lọ. Orin rọ́ọ̀kì ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ohùn ń gbà, sókè níbí, sílẹ̀ lọ́hùn-ún, láì ka ọ̀rọ̀ sí. Yorùbá kì í gba irú ìyẹn. Olórin tó bá fẹ́ kọ "ọkọ̀ mi ti lọ" tí ohùn rẹ̀ kọ̀ láti lọlẹ̀ níbi tó yẹ, ọkọ rẹ̀ ló ti lọ yẹn, ẹ bá a kẹ́dùn. Wàhálà yìí kan náà ni àwọn ìjọ wa bá fínra nígbà tí wọ́n mú orin ìsìn Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ tí wọ́n sì fi sí ohùn tó ti wà nílẹ̀. Àwọn bíi T. K. E. Phillips, tó ta dùùrù fún Kàtídírà ní Èkó tó sì kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá ní 1953, lo ìgbésí ayé wọn láti tún un ṣe. Ọdún mélòó ni ìjọ fi jà á? Ọmọ ogún ọdún tó gbé gìtá lọ́wọ́ ní Yábàá kò ní sùúrù yẹn.

Joni Haastrup ní in, ó kéré tán lápá kan. Nígbà tí Clusters tú ká, ó lọ sí ìlú Ọba ní 1971, ó dípò Steve Winwood nínú ẹgbẹ́ Airforce ti Ginger Baker fún àwọn eré wọn níbẹ̀. Ó padà wá dá MonoMono sílẹ̀, pẹ̀lú Ken Okulolo lórí báàsì. Ẹ wo àkọlé orin méjì nínú àwo wọn Dawn of Awareness ti 1974: "Ìpàdé Aládùn" àti "Tìrẹ Ló Máa Dà Nígbẹ̀yìn". Yorùbá ni wọ́n, lórí gìtá àti dùùrù oníná, ohùn kò sì ṣi ọ̀rọ̀. Tí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ń wá iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lórí ìró ohùn àti orin, ẹ má tún padà sídìí fújì tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa ti fi ṣe odindi pẹpẹ ìwé. MonoMono wà níbẹ̀.

Wọ́n pọ̀ nígbà náà o. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ St. Gregory ní Èkó dá Ofege sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń wọ aṣọ ilé-ìwé, EMI sì gbé àwo wọn Try and Love jáde ní 1973. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà! Èmi tí n kò tíì lè parí orí kejì iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi.

Nílé wa ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Kwara ni a wà nígbà yẹn, ọdún 1991 ni wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀. Ohun tí Dádì Èkó sọ ni pé àwo kì í dá wọ Ekinrin-Adde fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó àti Ìbàdàn ló ń kó o bọ̀ nígbà Kérésìmesì, nínú báàgì tí aṣọ tuntun àti búrẹ́dì wà. Wọ́n fi owó oṣù wọn ra BLO. Bàbá wọn, tó jẹ́ kátíkíìsì, gbọ́ ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ dé ìdajì, wọ́n ní orin wèrè ni. (Wèrè o, kì í ṣe wéré tó bí fújì. Àmì ohùn, ẹ̀yin ará.) Láti ọjọ́ náà ni àwo yẹn ti ń gbé ìsàlẹ̀ àpótí.

Ọ̀rọ̀ bàbá àgbà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ìdí tí rọ́ọ̀kì kò fi pẹ́ lójú agbo. Fáwọn tí wọ́n ń sọ pé ó kú nítorí pé kì í ṣe tiwa, mo ní kí wọ́n bi ara wọn pé ta ló ń sanwó orin nílẹ̀ Yorùbá. Kì í ṣe ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń ṣe òkú ni, ẹni tó ń sọmọ lórúkọ, ẹni tó ṣílé. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, tí ìjọba tún fi owó Udoji kún owó oṣù ní ìparí 1974 sí 1975, òde àríyá ni owó náà gbà lọ. Olórin jùjú mọ ohun tó yẹ kó ṣe: á pe orúkọ olówó, á pe ti bàbá rẹ̀, á fi ìlù kì í, olówó á sì lẹ owó mọ́ ọn níwájú. Ta ni BLO fẹ́ kì? Gìtá Berkley lè ké títí dàárọ̀, kò lè pe orúkọ baba ẹnikẹ́ni. Rọ́ọ̀kì ní olùgbọ́, kò ní olóde. Ní ìlú tí olóde ti ń sanwó, ìyẹn kò ṣeé gbéra dìde.

BLO mọ̀ ọ́n lára. Wọ́n kúrò ní EMI lọ sí Afrodisia, wọ́n ṣe Phase II ní 1975, Phase IV ní 1976, orin wọn sì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ti àwọn oníjó, títí dísíkò fi gba gbogbo ilé. Odumosu lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó di ọmọ ẹgbẹ́ Osibisa. Báàsì tirẹ̀ ló wà nínú Ojah Awake ti 1976. Àwọn yòókù ń gbìyànjú títí di nǹkan bíi 1982. Mo ti gbọ́ àwọn àwo ìparí yẹn. Wọ́n dára fún ijó. N kò rò pé mo máa tún gbọ́ wọn.

Ohun tí Laolu ṣe lẹ́yìn náà ló mú mi kọ àròkọ yìí. Ó di pùròdúsà. Àwa ọmọ ìsinsìnyí, tí a bá gbọ́ pùròdúsà, ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìlù la máa ń rò. Nígbà yẹn, òun ló ń yan orin tó máa wọ àwo, òun ló ń sọ iye tó yẹ kó gùn, ohun èlò tó yẹ kó síwájú, bí ìlù ṣe gbọ́dọ̀ yára tó, òun ló sì ń sọ fún ọ̀gá olórin pé kó tún un kọ. Ìyẹn nìkan gba ọgbọ́n: kí onírọ́ọ̀kì sọ fún ọ̀gá jùjú pé kó tún un kọ.

Jùjú wà nínú wàhálà ní ìparí àwọn ọdún 1980. Obey àti Sunny Ade ṣì jẹ́ ọba, ṣùgbọ́n orin wọn jẹ́ ti àgbà, ó ń rìn jẹ́jẹ́ pẹ̀lú agbádá. Àwọn ọ̀dọ́ ti tẹ̀lé fújì lọ. Ayinde Barrister àti Kollington ti gba ìgboro, Wasiu Ayinde sì ti gbé Talazo dé ní 1984. Ìṣòro owó tó tẹ̀lé ètò SAP ti 1986 sọ gìtá àti ẹ̀rọ amóhùndún di ohun tí ẹgbẹ́ kékeré kò lè rà mọ́, nígbà tí fújì kò nílò ju ìlù àti ohùn lọ. Shina Peters ti wà nídìí jùjú láti ìgbà ọmọdé, ó ta gìtá lábẹ́ Prince Adekunle, òun àti Segun Adewale jọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n pínyà. Àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n. Kò tíì di ẹni tí wọ́n ń sáré tẹ̀lé.

Òun àti Laolu Akins wọ sítúdíò fún CBS, Ace ló sì ti ibẹ̀ jáde. Mo fi etí sí i lẹ́yìn tí mo ti gbọ́ Chapter One, lóru kan náà, lórí fóònù, ohun tí mo gbọ́ sì nìyí. Ìlù òyìnbó ló wà níwájú. Nínú jùjú àwọn àgbà, ìlù òyìnbó máa ń jókòó sẹ́yìn, gángan ló ń darí. Nínú Ace, ìlù ńlá yẹn ń lu àyà yín láìdúró, gángan sì ń sáré láti bá a. Gìtá ń gé kúkúrú kúkúrú bíi ti àwọn onífọ́ńkì. Kíbọọ̀dù ń ta síbi tí fèrè ì bá wà. Orin kì í dúró síbì kan pẹ́ kó tó yí padà. Wọ́n pe é ní afro-jùjú, gbogbo èèyàn sì ń sọ pé Fela ni wọ́n pò mọ́ jùjú. Òótọ́ ni, lápá kan. Ṣùgbọ́n eré sísá yẹn, ìlù tó kọ̀ láti dúró sẹ́yìn yẹn, mo mọ ibi tí mo ti gbọ́ ọ. 1973 ni.

Ẹ mọ ìyókù. Àwọn èèyàn ya wèrè lórí Shina Peters débi pé wọ́n fún ìyàwèrè náà lórúkọ, Shinamania, orúkọ náà sì di àkọlé àwo tó tẹ̀lé e. Àwọn ọ̀dọ́ padà sídìí jùjú. Orúkọ ẹni tó kọrin wà lẹ́nu gbogbo ayé. Ti ẹni tó ṣe é wà ní lẹ́tà wínníwínní lẹ́yìn paálí, níbi tí Dádì Èkó ti kà á ní 1989 tí wọ́n sì pariwo, nítorí pé wọ́n mọ orúkọ náà láti ara paálí míì.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó ń dùn mí. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-iṣẹ́ Strut ti kó orin BLO jọ sínú àwo kan tí wọ́n pè ní Phases 1972–1982, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ní Yúróòpù sì ti tún Chapter One tẹ̀. Àwọn òyìnbó tó ń kó àwo jọ ń fi owó gidi ra èyí tó ti gbó. Bí ẹ bá fẹ́ kà nípa Laolu lónìí, Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó fi kà á, lọ́wọ́ ẹni tí kò gbọ́ ohun tí gángan ń sọ nínú Ace. Mo wá gbogbo iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tó wà ní pẹpẹ ẹ̀ka wa, n kò rí ọ̀kan ṣoṣo lórí rọ́ọ̀kì. Àwọn tó lu orin náà ti dàgbà. Àwọn tó jó o wà nílé wa, ní Ekinrin-Adde, ní Ìyàmọ̀yẹ́, ní Kabba, wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, àwa sì ń jó Ace níbi òkú wọn.

Kí n tó padà sílé-ẹ̀kọ́, mo ní kí a gbọ́ àwo tí eku jẹ paálí rẹ̀ yẹn. Kò ṣeé ṣe. Ẹ̀rọ wọn ṣì wà, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti ṣẹ́ láti ọdún gbọọrọ, kò sì sí ibi tí a ti lè rí òmíràn rà títí dé Lọ́kọ́ja. Mo wá a jáde lórí fóònù mi. Dádì Èkó jókòó sẹ́bàá ibùsùn, wọ́n gbé paálí náà lé itan bíi pé inú rẹ̀ ni ohùn ti ń bọ̀. Nígbà tó dé ibi tí gìtá ti dákẹ́ tí ìlù nìkan kù, wọ́n gbé ìka sókè kí n má sọ̀rọ̀.

"Gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀," ni wọ́n wí. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kó o gbọ́."